Oògùn àbí Oró? Ìtàn Orúkọ Kan láti Oko Kòkó Ajue

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí, wọ́n sì fi kún un pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bí orúkọ bá jẹ́ ìjánu, a jẹ́ pé ẹni tí ó bá fún ẹranko búburú ní orúkọ rere ti bọ́ ìjánu kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìtàn irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kan ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé mi. Orúkọ náà kúrú, gbogbo wa ni a sì ń pè é lójoojúmọ́: oògùn.

Ajue ni ìtàn náà ti bá mi. Ìletò àwọn àgbẹ̀ ni Ajue, ó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, èyí tí ìlú Ore jẹ́ olú-ìlú fún. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ọ̀dọ̀ bàbá àgbà mi ní Ajue ni a máa ń kó wa lọ bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi. Nínú yàrá bàbá, ìkòkò agbo ibà wà ní igun kan, agolo ohun tí wọ́n fi ń fín kòkó sì wà ní igun kejì. Ìyá àgbà a máa kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe fi ọwọ́ kan oògùn bàbá. Ní ọjọ́ kan mo bi wọ́n léèrè pé, “Bàbá, èwo gan-an ni oògùn nínú méjèèjì?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Oògùn ni méjèèjì, ọmọ mi. Ọ̀kan ń wo ènìyàn, ọ̀kan ń wo kòkó.” Ìdáhùn náà tẹ́ mi lọ́rùn nígbà náà. Láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa èdè ni kò ti tẹ́ mi lọ́rùn mọ́.

Kì í ṣe pé bàbá purọ́. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò púpọ̀ ni. Oògùn ni ohun tí a ń lò nígbà tí orí bá ń fọ́ wa. Oògùn ni ohun tí a fi ń pa eku àti ẹ̀fọn. Oògùn náà sì ni ohun tí àwọn àgbà ń dì fún ẹni tí ń lọ sí ìrìn àjò. Ohun tí ó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé wọ́n ní agbára láti jẹ́ iṣẹ́ tí a bá rán wọn. Ọ̀rọ̀ náà ń sọ fún wa pé iṣẹ́ wà níbẹ̀, kò sọ fún wa ibi tí nǹkan náà ń gbà lọ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà dákẹ́ sí yìí gan-an ni ewu gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún 19 ni àwọn àgbẹ̀ ọmọ Yorùbá, irú J. K. Coker ti Agége, fi ẹsẹ̀ kòkó múlẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Àwọn tí ó ti ṣe alágbàṣe ní Agége gbé èso náà padà sí ìlú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kòkó sì ṣe tàn kálẹ̀ títí ó fi wọ inú igbó kìjikìji ìhà Òǹdó. Bí igi kòkó ti ń pọ̀ sí i ni ọ̀tá rẹ̀ náà ń pọ̀ sí i. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó burú jù lọ ni kòkòrò kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sahlbergella singularis. Kò gùn tó ìdajì ínṣì, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí èèpo igi, tí ojú kò fi lè tètè rí i. A máa fi ẹnu rẹ̀ tí ó rí bí abẹ́rẹ́ fa omi inú ọ̀mùnú àti èso kòkó mu. Ojú ibi tí ó bá gún a di dúdú, àrùn a gba ibẹ̀ wọlé, ẹ̀ka a sì bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ láti orí wá. Oko tí ó bá jẹ ní àjẹrun a dà bí oko tí iná jó.

Nítorí irú àwọn ọ̀tá báyìí ni a ṣe dá ilé ìwádìí kòkó fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà sílẹ̀ ní Tafo, ní ilẹ̀ Gold Coast tí ó di Gánà lẹ́yìn náà, ní ọdún 1944. Ó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn, ẹ̀ka náà ni ó sì di ilé ìwádìí kòkó ti Nàìjíríà, CRIN, ní ọdún 1964. Láàárín ọdún méjèèjì yìí ni Gàmálìn 20 dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ICI ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣe é. Ohun tí ń jẹ́ iṣẹ́ nínú rẹ̀ ni líńdéènì. Michael Faraday, gbajúmọ̀ onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ́kọ́ ṣe àpòpọ̀ tí líńdéènì wà nínú rẹ̀ ní ọdún 1825, kò sì mọ̀ pé ó lè pa kòkòrò. Ní ọdún 1912 ni Teunis van der Linden, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ya líńdéènì sọ́tọ̀ nínú àpòpọ̀ náà. Orúkọ tirẹ̀ ni a sì mú láti fi sọ nǹkan náà lórúkọ. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn onímọ̀ tó ṣàkíyèsí pé ó ń pa kòkòrò ní ìpakúpa. Ẹ kíyè sí i pé ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ láti ìgbà tí ènìyàn ti ṣe nǹkan yìí títí di ìgbà tí ó mọ ohun tí nǹkan náà lè ṣe.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni bàbá àgbà mi ní àwọn ọdún 1960. Wọ́n sọ fún mi bí wọ́n ti máa ń gbé ẹ̀rọ ìfínkòkó kọ́ ẹ̀yìn ní ìdájí kí oòrùn tó mú, tí wọn yóò fi aṣọ di imú, tí òórùn náà yóò sì bá wọn wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kòkòrò ń já bọ́ sílẹ̀ bí ìgbà tí òjò ń rọ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, igi tí ó ti ń kú lọ tún so. Ta ni yóò rí irú iṣẹ́ yìí tí kò ní pè é ní oògùn?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ojú ẹ̀gàn wo ọpẹ́ tí ó wà nínú orúkọ náà. Owó kòkó wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955. Ó wà lára ohun tí a fi dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1962, òun náà ni a sì fi kọ́ Ilé Kòkó ní Ìbàdàn tí ó parí ní ọdún 1965. Bí ìwọ tí ń ka ìwé yìí kò bá tilẹ̀ dé oko kòkó rí, ó ṣeé ṣe kí bàbá rẹ àgbà ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí kòkó rà. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀bi àwọn àgbẹ̀ ni mo ń wá. Mo ń wá ohun tí orúkọ náà ṣe sí wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti fún un ní nǹkan náà.

Ohun kìíní ni pé oògùn kì í ba ilé jẹ́; inú yàrá ni a ń fi oògùn sí. Bẹ́ẹ̀ ni agolo ṣe bá wọn gbé nínú yàrá tí wọ́n ń sùn, tí ó sì jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ oko, bí agolo bá ti ṣófo, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì fi rọ epo pupa tàbí kí a fi bu omi.

Ohun kejì ni ti ẹja. Kí òyìnbó tó dé, àwọn apẹja wa mọ ewé àti èèpo igi tí a lè gún, kí a dà á sínú ibú, tí ẹja yóò sì léfòó. Oògùn odò ni wọ́n ń pè é. Agbára ewé wọ̀nyí kì í pẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan oòrùn àti omi yóò ti sọ ọ́ di asán. Nígbà tí Gàmálìn dé, àwọn kan rò pé irú kan náà ni, ó kàn lágbára jù ni. Wọ́n dà á sínú odò, ní ilẹ̀ wa níhìn-ín àti ní Gánà pẹ̀lú. Ẹja léfòó lóòótọ́, ọmọ ẹja náà sì kú, edé kú, akàn kú, àwọn ènìyàn sì ń jẹ ohun tí oró ti wọ̀ lára. Orúkọ àtijọ́ ni ó tan wọ́n jẹ. Nítorí pé wọ́n fi orúkọ ewé pè é, wọ́n retí pé yóò ṣe bí ewé.

Ohun kẹta ya ẹni lẹ́nu. Àwọn dókítà òyìnbó pàápàá pe líńdéènì ní oògùn. Wọ́n fi í sínú ọṣẹ àti ìpara tí a fi ń pa iná orí ọmọdé. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fi ara mọ́ ọn pé ó lè wọ inú ara gba awọ, kí ó sì mú gìrì bá ọmọ. Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà fi òfin dá lílò rẹ̀ fún iná orí dúró ní ọdún 2002. Ní ọdún 2015, àjọ àgbáyé tí ń wádìí jẹjẹrẹ, IARC, kéde pé ó dá òun lójú pé líńdéènì ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Èyí tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé líńdéènì kì í dúró sí ibi tí a bá fín in sí. Ooru ilẹ̀ wa a máa gbé e sókè bí oruku, afẹ́fẹ́ a gbé e lọ, otútù ìhà àríwá ayé a sì mú un sọ̀kalẹ̀. A ti rí i nínú omi òkun tí yìnyín bò, níbi tí igi kòkó kan kò sí. A ti rí àwọn ẹbí rẹ̀ nínú wàrà ọmú àwọn ìyá. Nítorí èyí ni ó fi jẹ́ pé ní oṣù karùn-ún ọdún 2009, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí Àdéhùn Stockholm pàdé ní Geneva, wọ́n fi líńdéènì kún àwọn oró tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn náà láti ọdún 2004. Àjọ NAFDAC pẹ̀lú fi òfin de líńdéènì ní ilẹ̀ wa.

Bí ìtàn mi bá parí síhìn-ín, ìtàn ohun tí ó ti kọjá ni ìbá jẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kún ìwé náà ní Geneva ní ọdún yẹn. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ líńdéènì àti àwọn arákùnrin rẹ̀ méjì. Ọ̀kan nínú ìyókù ń jẹ́ PFOS. Òun àti Gàmálìn wọ inú ìwé kan náà ní ìjókòó kan náà, ṣùgbọ́n gbogbo àgbẹ̀ Ajue ni ó mọ Gàmálìn, mi ò sì tíì bá ẹnì kan pàdé níbẹ̀ tí ó gbọ́ orúkọ ìkejì rí. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí ó jẹ́ àti ibi tí ó ti wá.

PFOS jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé ńlá kan tí à ń pè ní PFAS. Nígbà tí àjọ OECD kà wọ́n ní ọdún 2018, wọ́n ju 4,700 lọ. Ènìyàn ni ó ṣe gbogbo wọn. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ ni ìdè tí ó wà láàárín kábọ́ọ̀nù àti flúórìnì, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìdè tí ó le jù lọ tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì mọ̀. Omi kò lè tú u, òróró kò lè tú u, oòrùn kò lè jó o, àwọn kòkòrò inú ilẹ̀ tí ń sọ ewé di ilẹ̀dú kò sì rí eyín fi jẹ ẹ́. Ìdè yìí gan-an ni àǹfààní rẹ̀, òun náà sì ni ewu rẹ̀.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 1938, Roy Plunkett, tí ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà, la agolo gáàsì kan, ó sì bá ìyẹ̀fun funfun kan nínú rẹ̀ tí nǹkan kan kì í lẹ̀ mọ́. Ìyẹ̀fun náà ni a wá mọ̀ sí Teflon, tí a fi ń ra inú agbada kí dòdò má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ní ọdún 1951, DuPont bẹ̀rẹ̀ sí ra PFOA, ọmọ ìdílé yìí kan náà, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ 3M, láti máa fi ṣe Teflon ní Parkersburg, ní ìpínlẹ̀ West Virginia. Ní ọdún 1953, àwọn òṣìṣẹ́ 3M ṣèèṣì da irú nǹkan báyìí sí bàtà. Wọ́n rí i pé omi àti ìdọ̀tí kò lè mú ojú ibẹ̀ mọ́. Láti ibẹ̀ ni Scotchgard ti wá, tí a ń fín sí aṣọ àti kápẹ́ẹ̀tì. Ní àwọn ọdún 1960, wọ́n tún ṣe ìfófòó tí ń pa iná epo bẹntiróòlù kíákíá, tí àwọn panápaná ń lò ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹ wò ó bí ó ti bá ìtàn Gàmálìn mu tó: ní àkókò tí àwọn baba wa ń dúpẹ́ fún oògùn kòkó, àwọn ará Amẹ́ríkà ń dúpẹ́ fún agbada tí kì í mú ọbẹ̀.

Àwọn tí ń ṣe é kò pẹ́ kí wọ́n tó fura. Ní ọdún 1961, àwọn onímọ̀ DuPont ti rí i pé PFOA ń mú kí ẹ̀dọ̀ eku tóbi. Ní ọdún 1981, wọ́n kó àwọn obìnrin kúrò níbi tí wọ́n ti ń lò ó, nítorí ìròyìn pé ọmọ inú eku tí a fún ní nǹkan náà ní àbùkù ní ojú. Ní ọdún 1984, wọ́n yẹ omi ẹ̀rọ àdúgbò wò, wọ́n sì bá a níbẹ̀. Wọn kò sọ ohun tí wọ́n rí nínú omi náà fún àwọn tí ń mu ún.

Àgbẹ̀ ni ó tú àṣírí náà. Wilbur Tennant ní màlúù lẹ́bàá Parkersburg, odò tí màlúù rẹ̀ sì ń mu ń ti ẹ̀gbẹ́ ààtàn ilé-iṣẹ́ náà ṣàn wá. Màlúù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rù, ojú wọn ń ṣú, wọ́n sì ń kú. Ó gbé ẹ̀rọ ayàwòrán, ó ń ya ohun tí ó ń rí. Ó la ikùn àwọn tí ó kú, ó ya ìfun wọn. Kò rí ẹni gbọ́ tirẹ̀ ní àdúgbò. Nígbà tí ó yá, ó bá agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Robert Bilott, ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1999. Láti inú ẹjọ́ yẹn ni ìwé àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà ti jáde sí gbangba. Nígbà tí wọ́n parí ìjà pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò ní ọdún 2004, wọ́n gbà pé a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Nǹkan bí 69,000 ènìyàn ni ó na apá sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́ láàárín ọdún 2005 sí 2006. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì parí iṣẹ́ wọn ní ọdún 2012. Wọ́n sọ pé ó ṣeé gbà pé PFOA ní ọwọ́ nínú àìsàn mẹ́fà: jẹjẹrẹ kíndìnrín, jẹjẹrẹ kóró ẹpọ̀n, àìsàn ẹṣẹ́ táírọ́ìdì tí ó wà ní ọrùn, egbò inú ìfun ńlá, ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà oyún, àti ọ̀rá tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀.

Ìwádìí mìíràn ti ibòmíràn wá tì í lẹ́yìn. Ní erékùṣù Faroe, Philippe Grandjean àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 2012 pé bí PFAS bá ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé ni abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́ tó. Ní ìparí ọdún 2023, IARC fi PFOA sí ipò kan náà tí wọ́n fi líńdéènì sí ní ọdún 2015: ohun tí ó dájú pé ń fa jẹjẹrẹ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé PFOA inú omi mímu kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n 4 lọ nínú 1,000,000,000,000. Ẹni tí ó bá sì ti mu ún, kì í jáde lára rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ìwádìí kan lára àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì fi hàn pé ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin kí ìdajì PFOA tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ti PFOS ju ọdún márùn-ún lọ.

Ẹnì kan lè wí pé, “Kí ni ti Parkersburg ti kan Ajue?” Èmi náà bi ara mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ní ọdún 2013, Omotayo Sindiku, Oladele Osibanjo ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí jáde lórí PFAS nínú ẹrẹ̀ omi ìdọ̀tí ní Nàìjíríà. Wọ́n bá a níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀. Ní ọdún 2014, Isaac Ololade ti Yunifásítì Adekunle Ajasin ní Àkùngbá-Àkókó, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó wa yìí kan náà, gbé ìwádìí jáde lórí PFOS nínú àwọn odò ńlá ìhà Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn. Ní ọdún 2017, David Essumang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lórí odò Pra àti odò Kakum ní Gánà, àti omi ẹ̀rọ tí a ń fà láti inú wọn. PFAS wà nínú rẹ̀. A kò ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe PFAS ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà. Ọjà ni ó ń gbé e wọlé: agbada, aṣọ òjò, kápẹ́ẹ̀tì, bébà tí a fi ń wé oúnjẹ, ìfófòó panápaná. Nígbà tí nǹkan wọ̀nyí bá gbó, ààtàn ni à ń dà wọ́n sí, òjò ni yóò sì fọ ààtàn wọ inú odò.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni láti wá oró nínú omi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí i tán, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ wo ni a ó fi sọ ọ́ fún ìyá tí ń pọn omi? Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ti fún PFAS ní orúkọ ìnagijẹ tí ó túmọ̀ sí kẹ́míkà ayérayé. Bí a bá gbé èyí wọ inú Yorùbá bẹ́ẹ̀, a ó tún ṣe àṣìṣe ti oògùn. Ayérayé jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbùkún ní ilẹ̀ wa. Ohun tí à ń gbàdúrà fún ní ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyè ayérayé. Ìyá tí ó bá gbọ́ pé ohun ayérayé wà nínú omi rẹ̀ lè ṣe àmín. Àìkú náà kò dára, nítorí àìkú ni baálẹ̀ ọrọ̀. Bí a bá sì fi lẹ́tà mẹ́rin òyìnbó náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun aláìlórúkọ ni yóò jẹ́ fún ẹni tí kò ka ìwé, ohun tí kò sì ní orúkọ, ó ṣòro láti ṣọ́ ọ.

Nígbà tí mo lọ kí bàbá ní Ajue kẹ́yìn, mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú wọn. Wọ́n ti lé ní ẹni 80 ọdún, wọn kì í fín kòkó mọ́. Mo ṣàlàyé Gàmálìn fún wọn, bí ó ti ń bá afẹ́fẹ́ lọ sí ibi yìnyín, àti PFAS tí ìdè rẹ̀ kò ṣeé tú. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n bi mí pé, “Ṣé kì í jẹrà ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kì í jẹrà. Wọ́n ní, “Èèpo kòkó ń jẹrà, ewé ń jẹrà, èmi náà yóò jẹrà bí àkókò bá tó. Ohun tí kì í jẹrà, kí ni ó ń wá ní oko?” Wọ́n tún wò mí, wọ́n ní, “A à bá ti mọ̀, a kì bá ti pè é ní oògùn.”

Mo rò pé bàbá ti bá wa sọ ọ́ lórúkọ. Àgbẹ̀ Yorùbá kò nílò olùkọ́ kí ó tó mọ ohun tí jíjẹrà jẹ́. Òun ni ó ń sọ òkú ewé di oúnjẹ igi. Ohun tí ó bá jáde kúrò nínú òfin yìí, ohun àjèjì ni, ó sì yẹ kí a bẹ̀rù rẹ̀. Nítorí náà mo dá a lábàá pé kí a máa pe PFAS ní oró àìjẹrà. Oró yóò kìlọ̀ fún ẹni tí ó gbọ́, àìjẹrà yóò sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Bí ẹnì kan nínú ẹ̀yin olùkọ́ wa tàbí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi bá ní orúkọ tí ó sàn ju èyí lọ, kí ó mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa. N ó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún un. Ohun tí n kò ní fara mọ́ ni pé kí a dákẹ́, kí á wá jẹ́ pé àwọn tí ń tà á ni yóò tún bá wa sọ ọ́ lórúkọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Àwọn onímọ̀ wa ní Ìbàdàn àti ní Àkùngbá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Kò sí ẹ̀bi nínú èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń pọn omi odò Oluwa kò ní ka ìwé náà. Àwa ni a wà láàárín àwọn méjèèjì. Ní àwọn ọdún 1960, ẹnikẹ́ni kò jókòó ti àwọn baba wa láti bá wọn rò ó bóyá oògùn ni ó yẹ kí Gàmálìn máa jẹ́. Ní tiwa, a ti rí ilé, a ti wò ó. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọmọ náà ní orúkọ tí ó tọ́ sí i, kí ìjánu lè wà lẹ́nu rẹ̀.